Ìyá Dúró-ná àti Ilẹ̀kùn Tí Kò Lè Dúró

Inú ló ń bí mi tí mo fi jókòó kọ èyí, kò sì tíì rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ fún mi pé kí n fi sùúrù mu omi, kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán. Kò gùn. Ẹnìkan fọwọ́ sí i pé nǹkan kan lè ṣe ohun kan. Ó mọ̀ dájú pé nǹkan náà kò lè ṣe é. Wọ́n wá gbé e lọ síbi tí àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ń gbà kọjá. Bí èyí kò bá tó bínú sí, kí ni ká máa fi ìbínú ṣe?

Ìyàwó ọmọ mi kejì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Níbi iṣẹ́, Ìyá Dúró-ná ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kò sí ohun tí o lè gbé wá síwájú rẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ sọ pé, "Ẹ dúró ná." Èmi àti ẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ níbì kan náà. Wẹ́dà ni mí, géètì àti ilẹ̀kùn onírin ni mo ń jó láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú. Ìsàlẹ̀ ilé iṣẹ́ ni tèmi, níbi tí iná ti ń fọ́n ká tí ilẹ̀ sì kún fún ìfọ́ irin. Òkè ni tiwọn, ilẹ̀ dídán, afẹ́fẹ́ tútù, ariwo kan kò sí àfi kọ́kọ́kọ́ ìka lórí kọ̀ǹpútà. Èmi ń ṣe ara ilẹ̀kùn, ìyàwó wa ń kọ ètò tó ń sọ fún ilẹ̀kùn pé kó ṣí, kó tì.

Nígbà tí ó kọ́kọ́ wọlé wa, mi ò ka iṣẹ́ náà sí iṣẹ́. Ìyá àwọn ọmọ mi gan-an yọjú wò ó lọ́jọ́ kan, ó rí i tó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà tí kò mi apá tí kò mi ẹsẹ̀, ó bi mí pé, "Ṣé kò ní jẹ́ pé ẹ̀rọ yẹn ló ń lo ọmọ yìí báyìí?" A rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà gbọ́, òun náà rẹ́rìn-ín, kò gbójú sókè.

Télọ̀ ni bàbá tó bí i. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun kéré, iṣẹ́ tí bàbá òun máa ń gbé fún òun ni kí òun de gbogbo bọ́tìnnì aṣọ tí wọ́n bá rán tán, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí aṣọ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ìdí ni pé àwọn kan máa ń rán ojú bọ́tìnnì yíká dáadáa, wọn kò sì ní là á. Bó o bá wò ó láti òkèèrè, ojú bọ́tìnnì ni. Àfi ìgbà tí oníṣọ́ọ̀ṣì bá dúró sí iwájú dígí tí agogo ti lù, tí bọ́tìnnì kò ríbi wọ̀. "Bàbá mi ní, ojú tí kò ríran, kí wọ́n má pè é ní ojú." Ibi tí ó ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe yunifásítì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó sọ̀kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi ní wọ́kṣọ́ọ̀bù, mo ní kó ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣe fún mi kí n yé máa fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Ó nawọ́ sí àwọn iṣẹ́ mi. "Bàbá, èyí tó ń yọ̀ gba ẹ̀gbẹ́, èyí tó ń ṣí sínú, èyí tó ń ká sókè bí ẹní, ṣé bákan náà ni wọ́n ṣe ń ṣí?"

"Bákan náà kẹ̀! Èyí ń fi táyà yọ̀ lórí irin, èyí rọ̀ mọ́ ìdè, èyí yí mọ́ páìpù."

"Ṣùgbọ́n rìmóòtù kan náà ni oníbàárà ń tẹ̀."

"Òun ni."

"Rìmóòtù ò fẹ́ mọ̀ bóyá táyà ni àbí páìpù. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni pé bí òun bá ní 'ṣí', ẹni náà yóò ṣí, bí òun bá ní 'tì', yóò tì. Èmi ló ń kọ àdéhùn yẹn sílẹ̀. Ilẹ̀kùn tó bá fọwọ́ sí i, rìmóòtù á gbà á. Bí yóò ṣe ṣe é, ìyẹn kù sọ́wọ́ ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀."

Íńtáfeésì ni wọ́n ń pè é lókè lọ́hùn-ún. Àdéhùn ni èmi ń pè é, ó sì ti gbà fún mi.

Ó ní àdéhùn kejì wà, òun ni àdéhùn Dúró. Ilẹ̀kùn tó bá fọwọ́ sí ìyẹn ń sọ pé: bí nǹkan bá wà lábẹ́ mi nígbà tí mo ń tì, n ó rí i, n ó sì dúró. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀kùn ló gbọ́dọ̀ ní in. Bí ènìyàn bá di rìmóòtù mú, ojú ènìyàn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kan fẹ́ kí aago máa ti ilẹ̀kùn fún wọn.

"Aago ò lójú, Bàbá. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́ sí iwájú iṣẹ́ aago pé: ilẹ̀kùn tí kò bá fọwọ́ sí àdéhùn Dúró kò gbọdọ̀ wọbí."

"Ta ló ń ṣọ́ ibẹ̀?"

"Kọ̀ǹpáílà. Ó máa ń ka gbogbo ohun tí a bá kọ kó tó di iṣẹ́. Bó bá rí i pé ẹnìkan fẹ́ gbé ilẹ̀kùn tí kò ní àdéhùn Dúró fún aago, á fa ìlà pupa sí i nídìí. Iṣẹ́ ò ní lọ."

"Oníbodè nìyẹn."

"Oníbodè gan-an, Bàbá. Kì í sì í gba rìbá."

"Háà! Níbo ni wọ́n ti rí i rà?"

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá ní, "Ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan. Ìfọwọ́sí ló ń wò. Bí ibi tí wọ́n kọ 'dúró' sí bá ti wà níbẹ̀, ó tán. Kì í wo bóyá nǹkan kan wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èmi fi ní àga."

Àga náà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Àga ọmọdé ni, aláwọ̀ pupa, ike lásán, tí ó rà fúnra rẹ̀. Kò sí ilẹ̀kùn aago tí yóò jáde ní wọ́kṣọ́ọ̀bù mi láìjẹ́ pé wọ́n gbé àga náà sí abẹ́ rẹ̀, kí ilẹ̀kùn máa bọ̀. Bí irin bá fara kan ike, ilẹ̀kùn kò lọ ibì kankan. Àwọn èèyàn máa ń yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Wọ́n á ní, "Ìyá Dúró-ná, ọmọ yín ti ṣèdánwò lónìí?" Á ní, "Ó gba ipò kìíní." Àga náà kò ní ojú àpá kan lára.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ilé-ìwé kan tí kò jìnnà sí wa fẹ́ ilẹ̀kùn tí ń ká sókè sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà wọn, ibi tí àwọn ọmọ kéékèèké ń gbà wọlé tí wọ́n ń gbà jáde. Wọ́n fẹ́ kí aago máa tì í lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú ká, kí ẹ̀ṣọ́ wọn lè lọ máa ṣọ́ géètì iwájú. Ọ̀gá wa sì ti lọ ra àwọn ilẹ̀kùn kan lọ́pọ̀ níbì kan. Wọ́n dára lójú, ẹ́ńjìnnì wọn kò pariwo. Ojú iná nìkan ni wọn kò ní, èyí tí ilẹ̀kùn fi ń mọ̀ pé nǹkan wà lábẹ́ òun. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, àwọn ilẹ̀kùn yìí kò ní ojú rárá.

Ibi tí mo gòkè lọ gba ìwọ̀n lọ́jọ́ kan ni mo ti bá wọn. Ọ̀gá dúró sẹ́yìn ìyàwó wa, ó ń wo kọ̀ǹpútà.

"Kí ni ìlà pupa yìí ń wá?"

"Ó ń sọ pé ilẹ̀kùn yìí kò lè dúró, sà."

"Ta ló bi í?"

"Ẹ̀yin lẹ bi í, sà. Ẹ ní kí n gbé e fún aago."

Àwọn tó wà níbẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n pa á mọ́ra. Ọ̀gá ní, "Ìwọ lo kọ òfin yẹn. Ìwọ náà pa á rẹ́."

"Nítorí irú ilẹ̀kùn báyìí ni mo ṣe kọ ọ́."

"Ilẹ̀kùn ni gbogbo ilẹ̀kùn ń jẹ́, jàre!"

"Rárá, sà. Èyí tó ń ṣí tó ń tì wà. Èyí tó ń ṣí tó ń tì tó sì lè dúró wà. Ẹ ra ojú iná sí i, n ó fọwọ́ sí i fún yín kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ìnáwó, nítorí pé òun ni mo mọ̀ jù. Ojú iná kan kò wọ́n tó ọ̀dà tí a fi kun ilẹ̀kùn yẹn. Ọ̀dà o! Ohun tí òjò yóò ṣí kúrò. Ọkùnrin yìí gbà láti ra ẹwà, kò gbà láti ra ojú. Ẹ sì sọ fún mi iye tí wọ́n ń ta ìka ọmọdé, kí n lè bá a ṣírò èwo ló jẹ èrè.

Kò ra nǹkan kan. Ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìyàwó wa, ó ní kó lọ máa gbé fóònù àwọn oníbàárà, ẹni tó mọ "dúró ná" sọ báyẹn, kó lọ sọ ọ́ fún àwọn tó ń pè. Ó gbé iṣẹ́ náà fún ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kíákíá, baba ọlọ́mọ méjì, tí ọwọ́ rẹ̀ yá lóòótọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ìlà pupa ti kúrò. Ọ̀gá ń rìn káàkiri bí ẹni tó gba oyè. "Ẹ rí i? Iṣẹ́ tí wọ́n sọ di òkè!"

Wọ́n ní kí n lọ gbé ilẹ̀kùn náà kọ́. Nítorí pé ọwọ́ há, wọn kò gbé e gba wọ́kṣọ́ọ̀bù mi rárá, tààrà ni wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwé. Mo ti de gbogbo bóòtù tán kí n tó ṣí àpótí ẹ̀rọ rẹ̀ láti so wáyà. Ẹ́ńjìnnì ní ibi tirẹ̀, iná ní ibi tirẹ̀. Ihò kan ṣẹ́kù, ibi tí a máa ń so wáyà ojú mọ́. Mo wá ojú yíká ilẹ̀kùn náà, mi ò rí.

Mo pe Kíákíá. "Ihò yìí ńkọ́?"

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ètò ti yanjú ẹ̀."

Mo pa fóònù rẹ̀, mo pe ìyàwó wa. Ó kúkú jẹ́ pé fóònù gbígbé ni iṣẹ́ rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ṣé ètò lè fi ẹnu sọ ihò di ojú?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀, Bàbá?" Mo sọ fún un. Mo gbọ́ kọ́kọ́kọ́ ìka rẹ̀. Nígbà tí yóò tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Bàbá, ó ti fọwọ́ sí àdéhùn Dúró fún ilẹ̀kùn yẹn."

"Lórí kí ni?"

"Lórí òfìfo. Ó kọ 'dúró', ó ṣí àmì àkámọ́ rẹ̀, ó pa á dé. Kò sí ohun kan láàárín. Bí aago bá ní 'dúró', ilẹ̀kùn á gbọ́, kò sì ní ṣe nǹkan kan. Oníbodè rí ìfọwọ́sí, ó ní kó kọjá." Ó mí kanlẹ̀. "Ojú bọ́tìnnì tí wọn ò là, Bàbá. Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ gbé e lé wọn lọ́wọ́?"

"Ọ̀sán yìí. Ọ̀gá àti Kíákíá ti wà lọ́nà. Àwọn ọmọ ò tíì tú."

"Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá lábẹ́ ẹ̀. Mo ń bọ̀."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo gbé àkàbà mi dí ẹnu ọ̀nà náà, mo sì dúró tì í. Ọ̀gá dé, ó wọ aṣọ tó ń dán yinrin nínú oòrùn, Kíákíá tẹ̀lé e. Ọ̀gá ilé-ìwé jáde sí wọn, màmá kan tó rọra ń sọ̀rọ̀, tí ó so jígí mọ́ ọrùn.

"Bàbá, ẹ gbé àkàbà kúrò," ni ọ̀gá wí.

"Ó ń sinmi, sà."

"Àkàbà ń sinmi?"

"Òun náà ti darúgbó."

Ibi tí a ti ń fa èyí ni ìyàwó wa ti bọ́ sílẹ̀ nínú takisí, àga pupa lápá rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni àfi màmá náà. Ó kúnlẹ̀, ó kí i, ó dìde, ó gbé àkàbà mi kúrò, ó gbé àga sí abẹ́ ilẹ̀kùn gan-an.

Ojú ọ̀gá pọ́n. "Kí lo fi fóònù sílẹ̀ wá ṣe níbí? Gbé nǹkan yẹn kúrò!"

"Kò pẹ́ tí yóò fi kúrò, sà. Bí ilẹ̀kùn bá dúró, n ó gbé àga mi, n ó bẹ̀ yín, n ó padà sídìí fóònù."

"Ṣé ọmọ ẹ ló jókòó síbẹ̀ ni?"

"Ọmọ ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ni mò ń rò."

Màmá náà fi jígí rẹ̀ sójú. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni àga yìí wà fún?"

Ọ̀gá fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó. "Àṣà ilé iṣẹ́ wa ni, Màmá. Ìdánwò kékeré. Ilẹ̀kùn yìí ti gba ìwé ẹ̀rí tán."

"Bí ó bá jẹ́ àṣà yín, ẹ ṣe é kí n rí i," ni màmá náà wí, ó sì ká apá mọ́ àyà.

Kíákíá ni kọ̀ǹpútà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni yóò ní kí aago bẹ̀rẹ̀. Ó wo ọ̀gá, ọ̀gá mi orí sí i. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Mo ti sọ pé kò pariwo. Ìyẹn ló burú nínú rẹ̀, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń lọ sùn. Láti inú kíláàsì, a ń gbọ́ àwọn ọmọ tó ń kọrin ìtúká, wọ́n ti fẹ́ jáde. Irin náà dé ọ̀gangan àyà mi, ó dé ìbàdí, ó ku díẹ̀ kó kan ẹ̀yìn àga.

Kíákíá ju kọ̀ǹpútà sórí koríko, ó fò síwájú, ó fa àga náà yọ.

Ilẹ̀kùn bọ́ sílẹ̀ tán. Ó kan ilẹ̀, ó sinmi.

Kíákíá dúró síbẹ̀, àga pupa mọ́ àyà rẹ̀. Ẹni tó gbà pé ilẹ̀kùn yóò dúró, kí ló fa àga yọ fún? Ọwọ́ rẹ̀ ti jẹ́wọ́ kí ẹnu rẹ̀ tó là.

"Àǹtí," ó wí fún ìyàwó wa, "ẹ má bínú."

"Má bẹ̀ mí. Kò sí ìka mi níbẹ̀."

Ó yíjú sí màmá ilé-ìwé. Màmá náà bọ́ jígí rẹ̀, ó ní, "Ẹ gbé ilẹ̀kùn yín máa lọ."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ. Ó ní àṣìṣe kékeré ni, pé ètò ni, pé wọn yóò fi tuntun sí i kí ọjọ́ tó lọ, pé ìyàwó wa ló wá dẹ́rù ba oníbàárà. Àṣìṣe kẹ̀! Ẹni tó gbàgbé ló ṣe àṣìṣe. Ẹni tó mọ̀ pé inú òfo, tó wá kọ orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, irọ́ ló pa, ẹni tó sì lé ẹni tó fẹ́ sọ òótọ́ lọ sídìí fóònù, òun ló ran irọ́ náà níṣẹ́.

Mi ò bá a jiyàn. Mo gbé àkàbà mi padà, mo gùn ún, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn bóòtù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dè.

"Bàbá, ta ló ní kí ẹ tú u?"

"Ọwọ́ mi ló dè é, sà. Mi ò ní kí ẹlòmíì wá tú u."

Kíákíá wá di ìsàlẹ̀ àkàbà mú fún mi. Ìgbà tí àwọn ọmọ yóò fi tú jáde, ògiri ti ní ihò gbàgàdà kan, ẹ̀ṣọ́ dúró síbẹ̀, ó ń ka orí wọn bí wọ́n ti ń sáré kọjá. Ọ̀kan nínú wọn padà torí bàtà, ó sáré jáde, ó tún padà torí báàgì. Mo wò ó láti orí àkàbà títí ó fi jáde pátápátá.

Ojú iná ti dé báyìí. Ọ̀gá rà á, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Ní ti ìyàwó wa, nígbà tí wọ́n ní kó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ dúró ná." Ó ní òun kò ní padà àfi bí wọ́n bá gbà kí òun kọ ìdánwò sínú ètò fúnra rẹ̀: ilẹ̀kùn tó bá fọwọ́ sí àdéhùn Dúró, ìdánwò náà yóò ní kó máa tì, yóò pè é dúró ní àárín ọ̀nà, yóò sì bi í pé ibo lo wà. Èyí tó bá ti délẹ̀, kò wọlé. Wọ́n gbà. Kí ni wọn ì bá ṣe?

Ilẹ̀kùn tí mo tú wálé yẹn, mo fi sí iwájú ilé ìkópamọ́ irin mi. Rìmóòtù ni mo fi ń ṣí i, èmi fúnra mi ni mo sì ń wò ó tì. Kò burú fún ìyẹn. Ilẹ̀kùn náà kò pa irọ́ fún ẹnikẹ́ni, àwọn ló pa irọ́ mọ́ ọn.

Àná ni Kíákíá sọ̀kalẹ̀ wá bá mi. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí ìfọ́ irin, tòun ti ṣòkòtò mímọ́.

"Bàbá, Àǹtí ní kí n wá gbé àga."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí nǹkan kan ni, sà."

Inú ṣì ń bí mi. Mo fi orí júwe ibi tí àga wà.